Kóòdù tí à ń họ lára páálí oògùn: ohun tó lè sọ fún wa àti ohun tí kò lè sọ

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ra oògùn fún ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Ìbàdàn. Èmi kọ́ ni apòògùn tí ẹ máa ń bá lójú wíńdò, tí ń ka oògùn sínú ọ̀rá. Ẹ̀yìn ni mo wà, ní sítọ́ọ̀, nídìí ìwé ìràjà, fìríìjì àti òǹkà ohun tó ṣẹ́ kù lórí pẹpẹ. Àwọn ẹbí àti ojúlùmọ̀ a máa fi àwòrán páálí oògùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó, ṣé ojúlówó ni?" Ohun tí èmi náà máa ń bi wọ́n ni pé ṣé wọ́n ti họ ibi tó yẹ kí wọ́n họ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí à ń họ. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ ojú tí mo fi ń wo kóòdù yìí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń lò ó nílé, tó sì ń ra oògùn fún odidi ilé ìwòsàn.

Kóòdù tí mò ń wí wà lára ètò tí NAFDAC gbé kalẹ̀ ní 2010, tí wọ́n ń pè ní Mobile Authentication Service. Lára páálí oògùn ibà àti oògùn apakòkòrò bíi amoxicillin, ẹ ó rí ibì kan tó ń dán, tí wọ́n fi nǹkan aláwọ̀ fàdákà bò, irú èyí tó wà lára káàdì tí à ń fi owó sórí fóònù láyé ọjọ́un. Ẹ fi èékánná tàbí etí owó wẹ́wẹ́ họ ọ́, nọ́ńbà gígùn kan yóò jáde lábẹ́ rẹ̀. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tí mo máa ń bá pàdé jù ni 38353, ti ilé iṣẹ́ Sproxil. Kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Èsì yóò padà wá sórí fóònù yín pé ojúlówó ni, tàbí pé nọ́ńbà náà kò sí nínú ìwé àwọn tó ṣe oògùn.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè lò ó. Màmá kan tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà mú páálí oògùn ibà wá bá wa lójọ́ kan, ó rà á fún ọmọ ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, dókítà, wọ́n ní kí n họ nǹkan kan, fóònù tèmi kì í sì í ṣe ti aláwòrán." (Gbogbo wa ni dókítà nílé ìwòsàn, a kì í jà sí i.) Mo ní, "Màmá, kò ní kó jẹ́ ti aláwòrán. Ẹ mú un jáde." Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni. Mo họ ọ́, mo ń pe nọ́ńbà náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, ó ń tún un pè tẹ̀lé mi. Èsì dé. Ó ní kí n kà á sókè kí àwọn tó wà lórí ìlà lè gbọ́. Mo kà á, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá: ojúlówó ni. Obìnrin méjì nínú àwọn tó wà lórí ìlà yọ páálí tiwọn náà jáde nínú báàgì. Bí mo bá ní àṣẹ, mo fẹ́ kí èsì yẹn máa wá ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò fún ẹni tó bá béèrè, nítorí pé àwọn tó ń ra oògùn jù ní ilé mìíràn ni ìyá àgbà.

Bí wọ́n ṣe ṣe nọ́ńbà náà ló fún un lágbára. Páálí kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, kò sí méjì tó jọra. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ayédèrú lè tẹ páálí, ó lè tẹ àmì ilé iṣẹ́ sí i, ó tiẹ̀ lè tẹ nọ́ńbà NAFDAC sí i, nítorí nọ́ńbà NAFDAC kan náà ló wà lára gbogbo páálí oògùn yẹn káàkiri Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n bó bá jí ọ̀kan nínú nọ́ńbà abẹ́ fàdákà yìí, tó sì tẹ̀ ẹ́ sára ẹgbẹ̀rún páálí, ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ nìkan ni yóò gbọ́ pé ó dára. Àwọn tó bá tẹ̀lé e yóò gbọ́ pé wọ́n ti lo nọ́ńbà náà rí. Nítorí náà, ẹ má ra páálí tí wọ́n ti họ tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá sọ pé òun ti bá yín yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ béèrè òmíràn tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn. Ojú káńtà ni kí ẹ ti họ ọ́, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gbé e délé, tí ọmọ yín ti fi ránṣẹ́ láàárọ̀, tí ẹ̀yin náà tún fi ránṣẹ́ lálẹ́, èsì kejì yóò dẹ́rù bà yín láìnídìí.

Àwọn tó kéré sí mi lè má mọ ohun tó gbé wa dé ibi kí a máa họ páálí. Ní 1990, ọmọdé 47 kú ní Jos lẹ́yìn tí wọ́n lo pàrásítámọ́ọ̀lù olómi tí diethylene glycol wà nínú rẹ̀. Májèlé ni kẹ́míkà yẹn, kíndìnrín ló máa ń bà jẹ́. Ọdún 1993 ni òfin tó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde. Nígbà tí Dora Akunyili, tó jẹ́ apòògùn bíi tiwa, di ọ̀gá àgbà níbẹ̀ ní 2001, ó ti pàdánù ọmọ ìyá rẹ̀ obìnrin láti 1988 nítorí ayédèrú insulin, abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, kò sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Àwa tí a wọ iṣẹ́ yìí lẹ́yìn rẹ̀ mọ̀ pé àpẹẹrẹ rẹ̀ wà lára ohun tó jẹ́ ká yàn án.

Mo wá fẹ́ kí a fara balẹ̀ síbi ohun tí kóòdù yìí kò lè ṣe, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ rántí oògùn eyín híhù tí wọ́n ń pè ní My Pikin. Láàárín òpin 2008 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2009, ìjọba kéde pé ọmọdé 84 ló bá a lọ. Diethylene glycol yẹn náà ni. Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé My Pikin kì í ṣe ayédèrú. Ilé iṣẹ́ tó níwèé àṣẹ ló ṣe é, ní Èkó, orúkọ tiwọn ló sì wà lára ìgò. Èròjà tí wọ́n fi po ó ni wọ́n rà lọ́wọ́ oníkẹ́míkà tí kò níwèé àṣẹ, ohun tí wọ́n sì rò pé àwọn rà kọ́ ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù. Ká ní kóòdù wà lára ìgò yẹn nígbà náà, ìyá ọmọ ì bá họ ọ́, ì bá fi ránṣẹ́, èsì ì bá sì padà wá pé ojúlówó ni. Kò sí irọ́ nínú èsì yẹn. Ibi tí wọ́n ti ra nǹkan ni ikú ti wọlé, kí wọ́n tó tẹ páálí rárá.

Ìkejì ni ooru. Ẹ jẹ́ ká mú oxytocin, abẹ́rẹ́ tí à ń fún obìnrin lẹ́yìn ìbímọ kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà lára rẹ̀ jù. Inú fìríìjì ló ń gbé, láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ó bá jókòó sínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ láti Èkó dé Ìbàdàn, tó sì tún wà lórí pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ìyẹn, agbára rẹ̀ yóò máa tán díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò sì ní yí padà. Nọ́ọ̀sì yóò gún un, yóò dúró kí ilé ọmọ fún pọ̀, kò ní fún pọ̀. Àwọn olùwádìí tó ra oxytocin káàkiri Nàìjíríà láti yẹ̀ ẹ́ wò ti rí i pé púpọ̀ nínú rẹ̀ kò ní agbára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ mọ́. Kò sí kóòdù kankan tó lè sọ èyí fún yín, nítorí ibi tí oògùn ti jáde ni kóòdù mọ̀, kò mọ ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ yín.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ríra oògùn máa ń bi olùtajà ní ìbéèrè kan kó tó bi í ní iye owó: "Níbo ni oògùn yìí sùn lánàá?" Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á sọ orúkọ ilé ìkẹ́rù wọn láìkálòlò, wọ́n á sì mú ìwé ooru jáde láti inú fáìlì. Lára ìdáhùn yẹn lọ̀gá ti ń mọ ẹni tí a ó bá ṣòwò. Èmi náà ń bi wọ́n títí dòní.

Ohun tó tún dín agbára kóòdù kù ni bí àwa fúnra wa ṣe ń rajà. Ẹni tí kò lówó páálí odindi á ní kí wọ́n gé kóró mẹ́rin fún òun, wọ́n á fi sísọ́ọ̀sì gé e kúrò lára káàdì oògùn, páálí àti kóòdù á wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Tàbí kó jẹ́ oògùn tí wọ́n ń kà jáde láti inú ike ńlá ẹlẹ́gbẹ̀rún kóró. N kò bá ẹni tí kò lówó wí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹni tó bá ra kóró mẹ́rin lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé kí wọ́n họ páálí náà lójú òun kí wọ́n tó gé e. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti ti àtọ̀gbẹ ńkọ́, tí àwọn àgbàlagbà wa ń lò lójoojúmọ́? Oògùn ibà àti apakòkòrò ni wọ́n fi dandan lé ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni mo sì ń rí tí kò sí kóòdù lára wọn. Ibẹ̀ ni n ó ti yọ máàkì kúrò nígbà tí mo bá ń fún kóòdù yìí ní máàkì nísàlẹ̀.

Báwo la ṣe wá ń ṣe é nílé ìwòsàn, níbi tí a kò lè máa họ páálí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú? Ọwọ́ ẹni tí a mọ̀ la ti ń rà. Ẹni tó bá fẹ́ tà fún wa gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe oògùn pé aṣojú àwọn ni, àti ìwé àṣẹ ilé ìkẹ́rù rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ àwọn apòògùn. A ó wo oògùn náà nínú Greenbook, ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí NAFDAC kó gbogbo oògùn tó forúkọ sílẹ̀ sí. Ẹ̀yin náà lè ṣí i láìsan owó. Bí ọjà bá dé, òwúrọ̀ la fẹ́ kó dé, kí oòrùn tó mú. Akọ̀wé sítọ́ọ̀ á ka nọ́ńbà batch (nọ́ńbà àwọn oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) lára páálí, èmi á máa wò ó nínú ìwé ọjà. Bí nọ́ńbà kan bá yàtọ̀, ọjà yẹn ń padà lọ. Tí ó bá jẹ́ ti fìríìjì, a ó kọ́kọ́ ṣí páálí yìnyín, a ó wo ẹ̀rọ tó ń wọn ooru tó wà nínú rẹ̀, a ó kọ ohun tó sọ sílẹ̀ kí awakọ̀ tó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fa díẹ̀ yọ lára àwọn tó ní kóòdù, láti oríṣiríṣi páálí ńlá, tí mo ń họ wọ́n. Níbẹ̀ kóòdù wúlò fún wa gidigidi, ó ń jẹ́rìí sí ohun tí ìwé ti sọ.

Ìyókù iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ló ń wà níwájú pẹpẹ, òun la kọ́kọ́ ń mú lò. Iye tí àwọn wọ́ọ̀dù lò lóṣù tó kọjá la fi ń mọ iye tí a ó rà, a kì í torí pé ẹnìkan ń tà á ní ẹ̀dínwó ra èyí tí yóò bàjẹ́ sí wa lọ́wọ́. Oògùn tó bá bàjẹ́ ní sítọ́ọ̀, owó aláìsàn ló jóná, a sì tún ní láti sanwó kí wọ́n tó bá wa sun ún níbi tí èéfín rẹ̀ kò ti ní wọlé àwọn aládùúgbò. Lórí àkójọ àwọn oògùn kò-ṣeé-mánìí ni à ń rìn. Àjọ ìlera àgbáyé ló kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní 1977, Nàìjíríà náà sì ní tirẹ̀. Àkójọ yẹn kì í dúró sójú kan. Ní 2019 wọ́n fi carbetocin, tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí oxytocin ń ṣe, tí ooru kì í sì í tètè bà jẹ́, kún un fún àwọn obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Fún ilé ìwòsàn tí iná kì í dúró, ohun tó yẹ kí ẹni tó ń rajà máa wá nìyẹn: oògùn tó lè fara da ibi tí a ń gbé.

Owó ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Ètò tí à ń lò ni ti owó àyípo, tó tàn ká ilẹ̀ Áfíríkà nípasẹ̀ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Bamako ní 1987. Wọ́n á fún sítọ́ọ̀ ní oògùn àkọ́kọ́, a ó tà á pẹ̀lú èrè táṣẹ́rẹ́, owó tó wọlé la ó fi ra òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa yí lọ. Níbi tí owó bá ti ń yí, a lè san gbèsè lásìkò, olùtajà rere kò ní sá fún wa. Níbi tí wọ́n bá ti fa owó náà yọ lọ ṣe nǹkan mìíràn, ilé iṣẹ́ ńlá kò ní gbé ọjà fún wọn mọ́, pẹpẹ á gbẹ, ẹnìkan á sì gbéra lọ ra oògùn níbi tí wọn kì í ti í béèrè ìwé. Mo ti rí i kó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn ládùúgbò yín, owó sítọ́ọ̀ oògùn ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa rẹ̀ nípàdé.

Ọjà òde náà ń le sí i. Ilé iṣẹ́ oògùn GSK kéde ní oṣù Kẹjọ 2023 pé àwọn ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, iye owó Augmentin, oògùn apakòkòrò, àti Ventolin, èyí tí aláìsàn ikọ́ fée (asthma) ń fà símú, sì fò sókè débi pé àwọn aláìsàn ikọ́ fée ń bi mí bóyá àwọn lè máa fa Ventolin lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì. Oògùn tí owó rẹ̀ bá gòkè, tó tún ń wọ́n, ibẹ̀ ni àwọn aṣayédèrú ń sáré lọ. Ní oṣù Kejì 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, Onitsha àti Aba pa kí wọ́n lè wọ inú wọn yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oògùn tí kò yẹ kó wà lórí àtẹ. Ara mi yá sí i. Ṣùgbọ́n títì pa nìkan kò tó. Ó yẹ kí àwọn oníṣòwò tó mọ́ nínú wọn ní ibi tó tutù, tó ní apòògùn lórí rẹ̀, tí ẹni tó wá láti Ọ̀yọ́ tàbí Òkè-Ògùn lè lọ rà níbẹ̀ ní iye tí apá ká. Ìlànà pínpín oògùn tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé jáde láti 2012 ló sọ bẹ́ẹ̀. A ti pẹ́ jù.

Nínú máàkì márùn-ún, mo fún kóòdù yìí ní mẹ́rin fún oògùn ibà àti apakòkòrò tó wà nínú páálí rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó yá, ó wà lọ́wọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, kò dúró de òṣìṣẹ́ ìjọba kankan. Fún oògùn inú fìríìjì, n kò fún un ní máàkì rárá; ẹni tó tà á àti bó ṣe tọ́jú rẹ̀ ni kí ẹ wádìí. Ẹ ra insulin níbi tí ẹ ti rí fìríìjì tó ń ṣiṣẹ́ lójú yín, kí ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí iná bá lọ. Olóòótọ́ apòògùn kò ní bínú sí ìbéèrè yẹn.

Bí èsì bá wá pé nọ́ńbà náà kò dára, ẹ má ju páálí nù, ẹ má sì dá a padà fún ẹni tó tà á kó lè fún yín lówó yín. Ẹ ya àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi rìsíìtì sí i, ẹ kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù àti ọjọ́ tí ẹ rà á, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC ìpínlẹ̀ yín tàbí kí ẹ fà á lé apòògùn ilé ìwòsàn ìjọba lọ́wọ́. Bí ọmọ bá ti mu nínú rẹ̀ kí èsì tó dé, ẹ gbé ọmọ àti páálí náà wá pọ̀ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí dókítà bá ṣe ń wo ọmọ, àwa á ti máa wá nọ́ńbà batch yẹn lórí pẹpẹ tiwa.